Ìlà Tí Wọ́n Fà Sí Ibi Orúkọ Bàbá Mi

Nígbà tí ọmọ mi lóyún àkọ́kọ́, agbẹ̀bí bi í léèrè àwọn àìsàn tó wà nínú ìdílé rẹ̀. Ó bi í nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó bi í nípa àtọ̀gbẹ, ó bi í nípa fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ mi ro ti ìhà ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ fún un, ó ro ti màmá mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin nígbà náà. Nígbà tó kan bàbá tèmi, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé wọn kò mọ̀, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

Ọmọ mi kò bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó wá bá mi nílé ní Upney, nílùú òyìnbó níbí. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí àga tí màmá mi máa ń jókòó sí kó tó kú, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ní, "Mọ́mì, ta ni bàbá yín?"

Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní gbangba bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ làwọn èèyàn máa ń gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á ní ọmọ ìlú wo ni bàbá mi. N óò ní n kò mọ̀ ọ́n, ó ti kú tipẹ́, wọ́n á sì ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti ṣe àmín sí àdúrà yẹn láìmọye ìgbà lórí ẹni tí n kò mọ̀ bóyá ó ti kú tàbí ó wà láàyè.

Mo dìde, mo gbé ìwé ìbí mi wá, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n bí mi sí. Orúkọ màmá mi wà níbẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, pé ó ń ṣe ìmọ́tótó ní ọsibítù. Níbi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà, ìlà ni akọ̀wé fà kọjá. Ó fà á gún régé. Níbi iṣẹ́ bàbá, ó fa ìlà mìíràn.

Ìgbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ní kí n mú ìwé ìbí mi wá, ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo gbé e lọ bá màmá mi ní kíṣìnì. Ó ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́. Mo fi ìka tọ́ka sí ìlà náà, mo bi í pé kí ló dé. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n kọ." Ó sì ń bó ẹ̀wà rẹ̀ lọ. N kò bi í mọ́ títí ó fi kú. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn náà ni.

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọmọdébìnrin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ó wọ gáwùn funfun, ó jókòó sórí àga gíga ní ilé àwọn tó ń ya fọ́tò, ó di apá àga náà mú bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Màmá mi sọ fún mi pé Nàìjíríà ló kú sí kí wọ́n tó bí mi, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìbí tirẹ̀ wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú tèmi. Lórí tirẹ̀, orúkọ bàbá wà, iṣẹ́ bàbá wà, kò sí ìlà kankan. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkùnrin náà, èèyàn á ti mọ̀ láti ara orúkọ rẹ̀.

Ìtumọ̀ tí èmi fún un ni pé ọkùnrin yẹn gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́mọ, ó sì sẹ́ èmi. Nígbà míì, ìtumọ̀ tó burú ju ìyẹn lọ máa ń wá sí mi lọ́kàn, pé bóyá òun kọ́ ni bàbá mi rárá, pé lẹ́yìn tí ọmọ wọn kú ni màmá mi lọ bá ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré, ọmọ kan sọ ọ́ sí mi lójú níbi tí a ti ń jà lẹ́yìn ìsìn, ìyá rẹ̀ sì sáré wá gbá a létí. Ìgbátí yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn àgbà náà ń sọ ọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Màmá mi kò jẹ́ kí n dé Nàìjíríà. Yorùbá nìkan ló ń bá mi sọ nínú ilé. Bíbélì Yorùbá ló fi kọ́ mi ní ìwé kíkà, tó fi jẹ́ pé mo ti ń ka ẹ̀kọ́ kìíní fún ìjọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń kọ́ orin. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará ìjọ bá ń lọ fún àpéjọ nílé, kì í jẹ́ kí n bá wọn lọ. Nígbà tí mo lọ́kọ, alàgbà ìjọ ló dúró bíi bàbá fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ mi nìkan ló sì máa ń lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ tí mo sọ pé ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn yóò tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ, màmá mi lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì, ó ní bí mo bá fẹ́ pa òun, kí n pa òun. Mo ka ìyẹn náà sí ìtìjú. Mo ní kò ní agboolé kankan tó lè mú mi lọ ni.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọ mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Kò bá mi jiyàn. Ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán ìwé ìbí méjèèjì, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó padà wá. Ó ti ń lọ sí ibi ìkàwé kan ní Barking, níbi tí àwọn kan ti ń kọ́ra wọn bí a ṣe ń tọpa ìdílé ẹni. Ó ní kí n gbé ìwé méjèèjì wá, ó tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní kí n wo ibi tí ẹni tó wá forúkọ ọmọ sílẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Lórí ìwé ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn méjì ló fọwọ́ sí i, màmá mi àti ọkùnrin náà. Lórí tèmi, màmá mi nìkan ni.

Ó ṣàlàyé fún mi pé láyé ìgbà yẹn, bí ọkùnrin àti obìnrin kò bá ṣe ìgbéyàwó tí òfin ìlú yìí mọ̀, akọ̀wé kò gbọdọ̀ kọ orúkọ bàbá sílẹ̀ àfi bí bàbá náà bá bá ìyá ọmọ wá fúnra rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i. Ìyá nìkan kò lè dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Bí bàbá kò bá sí níbẹ̀, ìlà ni wọn yóò fà, ìbáà jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.

"Ìlà yìí ò sọ pé kò sí bàbá, Mọ́mì. Kò sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó sọ ò ju pé Mọ́mì àgbà nìkan ló fọwọ́ sí i lọ."

Mo ní kí wá ni ìyàtọ̀ ibẹ̀. Mo ní ọkùnrin náà ṣáà mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó ti lọ nígbà ti ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá fẹ́ mi ni, ì bá lọ nígbà tèmi náà. Ọmọ mi béèrè bóyá ẹnì kan ṣì wà láàyè tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà.

Ẹnì kan wà. Ọ̀rẹ́ màmá mi ni. Ọmọ Èkìtì ni òun náà bíi màmá mi, ọdún kan náà ni wọ́n dé ìlú yìí, ọsibítù kan náà ni wọ́n sì ti jọ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń fọhùn ni mo ti ń pè é ní Aǹtí, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ní àdúgbò Gascoigne ló ń gbé nígbà náà, nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé gíga tí káńsù ń wó. Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti fi páànù dí fèrèsé wọn. Òun náà ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun.

N kò fẹ́ lọ. Mo ń wá àwáwí, lónìí iṣẹ́ ni, lọ́la òtútù ni. Bí èèyàn bá ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣe ìrọ̀rí sùn fún ọdún púpọ̀, kò rọrùn kí wọ́n wá yọ ọ́ kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òkúta. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí Aǹtí kó lọ, àwáwí tán, nítorí èmi ni mo máa ń bá a ṣe ohun tó bá wúwo láti ìgbà tí màmá mi ti kú. Mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò níṣẹ́, kí n lè bá a di ẹrù.

A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, à ń fi ìwé ìròyìn wé àwọn àwo rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ béèrè nípa bàbá mi. Ó gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n lọ gbé omi tíì kaná kí n tó wá jókòó padà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ẹsẹ̀.

Ó ní yàrá kan ṣoṣo ni màmá mi àti bàbá mi ń gbé ní Barking, tí wọ́n ń fi sítóòfù oníkẹrosíìnì mú ilé gbóná. Ìgbéyàwó tiwa-n-tiwa ni wọ́n ṣe. Àwọn àgbà díẹ̀ péjọ sí pálọ̀ ẹnì kan, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun, ó parí; kò sí ìwé kankan. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń lọ sí ilé ìwé nírọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjèèjì ló jọ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ọmọ náà kò gbádùn òtútù. Ikọ́ kì í fi í sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó bímọ nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn ló gbé ọmọ fún àwọn òyìnbó ní ìgbèríko láti bá wọn tọ́jú, kí wọ́n lè rí àyè ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì kàwé. Màmá mi ní òun kò gbé ọmọ òun fún ẹnikẹ́ni. Ìyá bàbá mi sì ń ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú pé kí wọ́n gbé ọmọ ọmọ òun wá bá òun níbi tí oòrùn wà. Màmá mi ní kò séwu, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó padà dé, kò bá ọmọ. Bàbá mi ti gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan tó ń padà lọ sílé. Àwọn aṣọ ọmọ náà tí màmá mi fọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ṣì wà lórí okùn nínú yàrá, wọn kò tíì gbẹ. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni, kí ara ọmọ le, kí òun parí ìwé. Ó ní ìyá òun kò ní jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é. Ní àkókò yẹn, oyún mi ti wà nínú màmá mi, kò sì tíì hàn síta.

"Kò pẹ́ rárá," Aǹtí ní. "Èéyi mú ọmọ náà."

Ìròyìn náà kò tilẹ̀ dé bó ṣe yẹ kó dé. Ọkùnrin kan tó ti ilé bọ̀ wá kí wọn. Ó rò pé wọ́n ti gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti kí màmá mi kú ará fẹ́ra kù, ó ní kí Ọlọ́run fi ti inú rẹ̀ rọ́pò. Màmá mi ní ta ló kú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó jáde, tó wá ń bá Aǹtí gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi máa ń wá bẹ̀bẹ̀ nírọ̀lẹ́, màmá mi kì í ṣílẹ̀kùn. Ìgbà kan wà tí màmá mi ń wẹ̀, Aǹtí gbé mi jáde fún un lórí àtẹ̀gùn. Bàbá mi gbé mi, ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ nu iwájú orí mi bí ẹni tó ń nu nǹkan kúrò, títí Aǹtí fi gbà mí padà.

Ẹnì kan ní ọsibítù ti sọ fún màmá mi pé bàbá tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé ọmọ kò lè gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dì mú. Nígbà tó tó àkókò láti forúkọ mi sílẹ̀, Aǹtí ló tẹ̀lé e lọ.

Mo sọ fún Aǹtí níbẹ̀ pé bàbá mi ṣáà lè wá bó bá fẹ́ ni. Ó mi orí.

"Bàbá ẹ wá, ọmọ mi. Ó ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Ó wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó so táì. Ìyá ẹ ló sọ fún un pé bó bá fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yẹn, òun á gbé ọmọ òun padà sílé láì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀."

Ọkùnrin náà dúró síta. Nínú ilé, akọ̀wé béèrè bàbá ọmọ. Màmá mi ní kò sí. Akọ̀wé náà, obìnrin kan tí kò le rárá, tún béèrè bóyá ó lè wá lọ́jọ́ mìíràn, pé àyè ṣì wà. Màmá mi ní kò sí, kò sì ní wá. Láti orí àga tí Aǹtí jókòó sí, ó ń rí orí bàbá mi láti ojú fèrèsé, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ níta. Nígbà náà ni akọ̀wé fa ìlà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Aǹtí ní òun bá màmá mi wí. Òun ní ọmọ á dàgbà, á béèrè. Màmá mi dá a lóhùn pé, "Èyí tí orúkọ ẹ̀ wà lórí ìwé ẹ̀, ó gbé e lọ. Èyí tí orúkọ ẹ̀ ò sí, ẹ jẹ́ kó wá gbé e, ká wò ó."

Mo béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún mi láti gbogbo ọdún yìí. Aǹtí ní màmá mi mú òun búra. Mo ní ìgbà tí mo di àgbà ńkọ́, ìgbà tí mo bímọ ńkọ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè gbé mi lọ síbì kankan mọ́. Ó ń fi ọwọ́ wá ife tíì rẹ̀ lórí tábìlì, mo fi í lé e lọ́wọ́.

"Mo bi í. Ó ní bí o bá mọ̀ pé bàbá ẹ fẹ́ ẹ, wàá wá a lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá rò pé ó kọ̀ ẹ́ ni, wàá jókòó ti òun."

Mo sì jókòó tì í. Títí mo fi lọ́kọ, títí mo fi bímọ, títí tí mo fi pa ojú rẹ̀ dé, n kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wé àwọn àwo tó kù, mo kó wọn sínú páálí.

Kí n tó lọ, Aǹtí sọ ìyókù fún mi. Bàbá mi kò padà sílé mọ́, nítorí kò lè wo ojú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì lè wo tirẹ̀. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Dagenham Dock. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, wọ́n sì ń gbé ní Dagenham. Bí Aǹtí bá pàdé rẹ̀ lọ́jà Barking, yóò béèrè pé, "Ọmọ ńkọ́?" Aǹtí á ní ọmọ wà dáadáa. Kì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti kú ní ọdún díẹ̀ ṣáájú màmá mi.

Ẹ̀bá Dagenham Dock ni ilé iṣẹ́ ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Aṣọ ibùsùn àwọn ọsibítù la máa ń fọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè níbẹ̀ láàárọ̀, tí mo máa ń dúró kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kọjá kí n tó sọdá. N kò wo ojú awakọ̀ kankan rí.

Èmi ni n kò fẹ́ dé ilé ìyàwó rẹ̀. Ọmọ mi ló ní òun ń lọ, bí mo bá tẹ̀lé òun, bí n kò sì tẹ̀lé òun. Ikùn rẹ̀ ti yọ dáadáa nígbà náà, n kò sì lè jẹ́ kó dá lọ. Aǹtí mọ òpópónà náà, aládùúgbò kan ló fi ilé hàn wá. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni a lọ, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn wa.

Obìnrin àgbàlagbà kan tó gbára lé ọ̀pá ló ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ orúkọ màmá mi fún un. Ó kọ́kọ́ wo ojú mi, ó wo ikùn ọmọ mi, ó tún padà wo ojú mi. Ó ní ká wọlé, kí òtútù má baà wọlé.

Fọ́tò bàbá mi wà lókè tẹlifíṣọ̀n. Mo ti ń ro ojú rẹ̀ láti ìgbà èwe mi, kò sì jọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí mo rò. Ó rí bí ọkùnrin tí èèyàn lè jókòó tì nínú bọ́ọ̀sì kó má sì rántí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n iwájú orí mi ni iwájú orí rẹ̀, ó gbòòrò, ó sì yọ síta díẹ̀ lápá òsì, bí tèmi, bí ti ọmọ mi. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú.

Màmá náà fi ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ sọ fún wa pé kí bàbá mi tó fẹ́ òun ló ti sọ ọ́ fún òun, kò sì tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. "Ó ní òun bí ọmọ méjì. Ọlọ́run gba ọ̀kan, ìyá wọn gba ìkejì. Ó ní òun ò sì lẹ́jọ́ wí."

Mo béèrè bóyá bàbá mi bínú sí màmá mi. Ó ní rárá. Ó ní ọkùnrin náà kì í gbé ọmọ ọwọ́, tó fi mọ́ àwọn tí òun alára bí fún un. Yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, yóò máa wò wọ́n, yóò ní kí òun ni kí òun gbé wọn. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n rò pé bàbá àwọn le ni.

Ọmọ mi béèrè ohun tó bá wá síbẹ̀. Màmá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, òun náà ló pa á. Kò sí fòníkú-fọ̀ladìde ní ìdílé wọn bí òun ṣe mọ̀. Ọmọ mi dúpẹ́. Ní ti ohun tí agbẹ̀bí fẹ́ mọ̀, ó ti parí.

Lẹ́yìn náà ni màmá náà wo ilẹ̀, tó sọ ohun tó ti ń wá bí yóò ṣe sọ láti ìgbà tí a ti wọlé. Àwọn ọmọ òun kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn fún ìsìn ìsìnkú, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn nìkan ni bàbá wọn bí. Òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á, òun fẹ́ sọ̀rọ̀, òun kò sọ. Báyìí òun ti darúgbó, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n wá máa bi òun léèrè ìdí tí òun fi dákẹ́.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ má padà wá mọ́."

Mo ní a ò bínú. Ọmọ mi béèrè bóyá òun lè fi fóònù ya àwòrán fọ́tò náà. Màmá náà dìde, ó ní òun ń lọ gbé omi wá fún wa. A ní òùngbẹ kò gbẹ wá. Ó ní òun á ṣáà gbé e wá. Ó pẹ́ ní kíṣìnì, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọ́ ìró omi. Nígbà tó padà dé, ọmọ mi ti fi fóònù rẹ̀ sínú báàgì. A mu omi náà, a dìde.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mi sunkún. Èmi kò sunkún. Inú ń bí mi sí màmá mi lọ́nà tí kò bí mi sí ẹnikẹ́ni rí. Nínú ìbínú náà ni mo tún ti ń rí àwọn aṣọ kékeré tó ṣì tutù lórí okùn, n kò sì mọ ohun tí èmi ì bá ṣe ká ní èmi ni mo wọ yàrá yẹn.

Nígbà tó ṣe, ọmọ mi fi fóònù pè mí pé òun ti fẹ́ parí ìwé ìdílé wa, kí ni kí òun kọ síbi bàbá mi. Mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì fi í pamọ́. N kò ṣí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò pa á rẹ́.

Aǹtí ti wà nílé rẹ̀ tuntun. Ó máa ń bi mí bóyá òun ṣe dáadáa bí òun ṣe sọ ọ́ fún mi, n óò ní ó ṣe dáadáa. Mo máa ń lọ sí sàréè màmá mi bí mo ṣe máa ń lọ tẹ́lẹ̀. N óò tu koríko ibẹ̀, n óò dúró díẹ̀, n óò sì padà sílé. Bàbá mi náà ní sàréè tirẹ̀ níbì kan, n kò tíì béèrè ibẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní kí n dárí ji àwọn òkú kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo gbọ́. N kò tíì mọ èyí tí n óò kọ́kọ́ dárí jì nínú wọn.